Ọjọ́ Tí Ìbídàpọ̀ Tú Àgbà

“Ẹ má fọwọ́ kan òǹtẹ̀ náà,” ni ohùn ẹ̀rọ ìjọba tó wà lára ògiri wí. “Ìbéèrè yín ti dé ọ́fíìsì. A ń gbé e yẹ̀ wò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró.”

Ìbídàpọ̀ ò lè dúró. Ó fi sípánà sórí bóòtù, ó tún mú un kúrò. Ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ iṣẹ́. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wo ọ̀kánkán òkè. Òjò ò jẹ́ kó rí nǹkan kan níbẹ̀ ju ìkùukùu lọ, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé dáàmù wà lẹ́yìn ìkùukùu yẹn, omi sì ń kún un lọ. Ó padà wá sídìí alùpùpù tó gbé kalẹ̀ sórí àpótí, ó tún mú sípánà.

“Ṣé kò sí ọwọ́ ẹlòmíràn tí ilẹ̀kùn dáàmù yẹn mọ̀ ni, Bàbá?”

Bàbá Omídìran, olùṣọ́ dáàmù, jókòó sórí bẹ́ǹṣì, fìlà rẹ̀ rin gbindin. Eyín ló sọ̀ kalẹ̀ wá yọ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí òjò tó dé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú, òwú sì kún un ní ẹnu tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò fi já gaara.

“Ọwọ́ Láṣèbíkan tí a jọ ń ṣọ́ ọ ló mọ̀ pẹ̀lú tèmi. Láṣèbíkan sì ti kú. Ọ́fíìsì ní àwọn ń bọ̀ wá fi ọwọ́ ẹlòmíràn sí i. Láti ìgbà tí a ti sin ọkùnrin náà ni mo ti ń retí wọn.”

“Ẹni tó wà lókè báyìí ńkọ́?”

“Akọ̀wé lásán ni. Ó ti gbé ọwọ́ lé e títí, ilẹ̀kùn ò dá a lóhùn. Kí wáyà tó já, ó ní omi ti bo àmì pupa.” Bàbá náà na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ síwájú, ó ń wò ó bí ẹni pé ọwọ́ náà ló ṣẹ̀ ẹ́. “Bí ilẹ̀kùn ò bá ṣí, ògiri á ya. Bí ògiri bá sì ya, Ẹsẹ̀-Àpáta ìlú wa yìí ni omi yẹn ń bọ̀ tààrà.”

Wọ́n ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ okùn tí ń gbé èèyàn gòkè ti dúró láti ìgbà tí àrá ti sán lu òpó rẹ̀. Ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá ti ya lọ sínú àfonífojì. Ọ̀nà alùpùpù nìkan ló kù, tóóró bí ìgbànú, tó ń ká kọ́lọkọ̀lọ títí dé orí àpáta. Alùpùpù Ìbídàpọ̀ ló lágbára jù nílùú, òun náà ló sì gbé bàbá sẹ́yìn. Kí wọ́n tó dé ìdajì ọ̀nà, bátìrì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, wọ́n sì ní láti ṣẹ́rí padà. Bátìrì kan ṣoṣo tó kún ló ṣẹ́ kù nínú ṣọ́ọ̀bù, iná ò sì sí níbi kankan nílùú tí wọ́n lè fi kún òmíràn.

“Kí ló ń jẹ bátìrì tó bẹ́ẹ̀?” ni bàbá bi í. “Èmi àti ìwọ ò wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta.”

“Kì í ṣe àwa, Bàbá. Eléyìí ni.”

Ó fi sípánà kan irin rìbìtì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ṣéènì. Irin náà fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ó nípọn bí bíríkì, òǹtẹ̀ búlúù ìjọba sì wà lójú bóòtù rẹ̀. Àgbà ni gbogbo ìlú ń pè é.

“Ẹrù tó bá jókòó jẹ́ẹ́, ẹ̀ẹ̀kan la ń gbé e. Èyí tó bá ń yí, ẹ̀ẹ̀mejì ni: a ó gbé e gun òkè, a ó tún máa fi agbára yí i. Ní gbogbo ìyànà, mo gbọ́dọ̀ tẹ bíréèkì kó tó dẹwọ́, agbára tí mo fi yí i ti ṣòfò nìyẹn. Bí mo bá sì yà tán, mo tún ní láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ìyànà ọ̀nà yẹn ṣe pọ̀ tó.”

“Abájọ tí wọ́n fi ń pè é ní Àgbà. Kì í sáré.”

“Ìdí tí a fi fi í síbẹ̀ náà nìyẹn, Bàbá. Kí ẹnikẹ́ni má baà sáré.”

Kò parọ́ nígbà tó ní “a.” Kí Òfin Pẹ̀lẹ́ tó jáde, àwọn ọ̀dọ́ Ẹsẹ̀-Àpáta a máa gbẹ́ irin inú alùpùpù wọn dànù, wọn a dá ihò sí wíìlì eléyín, wọn a pààrọ̀ rímù sí fífúyẹ́, kí ẹ̀rọ lè fò síwájú bí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án. Morólákẹ́, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ìbídàpọ̀ bí, gun irú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé Fìjàbí ọmọ Akínṣànyà sẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ra wọn sọ́nà. Ní ìyànà kan lójú ọ̀nà òkè yìí, wọ́n kọlu àpáta, ìkankan nínú wọn ò sì yè é.

Ìyá Morólákẹ́ àti Bàbá Fìjàbí sin ọmọ tán, wọ́n jọ lọ sí olú-ìlú. Wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbìmọ̀ nínú oòrùn àti òjò títí àwọn aṣòfin fi jáde wá bá wọn. Nígbà tí òfin jáde, Akínṣànyà di ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè Àárín-Òkè, Ìbídàpọ̀ sì gba báàjì pé òun ni kó máa fi Àgbà sí gbogbo alùpùpù ìlú. Kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ rẹ̀ ò dé. Ẹni tó bá tú Àgbà, kò ní gun alùpùpù mọ́ títí ayé, kò sì ní fọwọ́ kan irinṣẹ́ mọ́. Ìbídàpọ̀ fúnra rẹ̀ ló tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n fi gbólóhùn yẹn sínú òfin, nígbà tí àwọn aṣòfin ní ó ti le jù.

“Ìbéèrè yín ti dé ọ́fíìsì,” ni ohùn ara ògiri tún wí. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró.”

Nǹkan kan ró lókè, ró bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta sílẹ̀ láti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ìró náà pẹ́ kó tó tán. Bàbá Omídìran dìde dúró.

“Ìyá Morólákẹ́,” ó ní, “mi ò lè sọ fún ọ pé kí o ṣe é. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ pé mo ti ṣe tán.”

Ìbídàpọ̀ gé òǹtẹ̀ náà.

Ohùn ara ògiri yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń ké pe orúkọ rẹ̀ àti orúkọ bàbá tó bí i. Obìnrin náà ò gbórí sókè. Ó tú bóòtù, Àgbà sì já bọ́ sílẹ̀ gbì, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù sán. Kò fi mọ síbẹ̀. Àpò kan wà ní igun ilé tó kún fún àwọn ohun fífúyẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn arúfin, ọkọ̀ ọ́fíìsì ló ń retí. Ó dà á sílẹ̀. Ó mú wíìlì eléyín kan tí ẹnì kan ti dá lu bí asẹ́, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó ń fi èékánná tọ ẹsẹ̀ eyín kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti sán. Èyí àkọ́kọ́ ti sán, ó jù ú nù. Èkejì dára. Ó mú ṣéènì tẹ́ẹ́rẹ́ kan pẹ̀lú rímù ẹ̀yìn kan tó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi fi ọwọ́ kan gbé e fún un. Ìbídàpọ̀ ń fi wọ́n sí i kíákíá, kò sì ṣi bóòtù kankan.

“Bí ṣéènì yẹn bá já ńkọ́?” ni bàbá bi í.

“Bó bá já, a ó fẹsẹ̀ rìn.”

“Àwọn Etí ńkọ́?”

“Mo mọ ibi tí gbogbo wọn wà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń rì wọ́n mọ́lẹ̀.”

Etí ni àwọn òpó tí ìjọba rì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wọ́n ń gbọ́ bí ẹ̀rọ alùpùpù ṣe ń yí. Èyí tí yíyí rẹ̀ bá yá kíá ju bí Àgbà ṣe ń jẹ́ kó yá lọ, Etí á ké, ẹnubodè tó wà níwájú á sì tì pa.

Wọ́n gbéra. Ìbídàpọ̀ yí ọwọ́ alùpùpù bó ti máa ń yí i lójoojúmọ́, ẹ̀rọ náà sì fò síwájú tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá fi dì mọ́ ọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó dẹwọ́, ẹ̀rọ náà dẹwọ́. Ọdún pọ̀ tí irú rẹ̀ ti wà lábẹ́ rẹ̀ gbẹ̀yìn. Alùpùpù tó ní Àgbà, bí o bá sọ pé kó lọ, á kọ́kọ́ rò ó. Bí o bá sọ pé kó dúró, á tún rò ó. Èyí ò ro nǹkan kan. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni ẹ̀rọ náà ń ṣe kó tó parí èrò rẹ̀.

Ó ń wo iná bátìrì ju bó ti ń wo ọ̀nà lọ. Ìyànà kan, òmíràn, òmíràn. Níbi tí wọ́n ti ṣẹ́rí padà lákọ̀ọ́kọ́, bátìrì ṣì lé ní ìdajì. Ẹrẹ̀ ń ta sí wọn lójú, òkúta wẹ́wẹ́ ń yí bọ̀ láti òkè, ó ń fi ẹ̀rọ náà yẹra fún wọn bí ẹni ń jó. Bó bá ku díẹ̀ kó dé ibi tí Etí kan wà, á fa ọwọ́ padà, á máa rọra bí arúgbó. Bó bá ti kọjá, á tún tú u sílẹ̀.

Ibi títẹ́jú kan wà tí ọ̀nà ti gùn gbọọrọ lẹ́bàá àpáta. Níbẹ̀ ló ti tú u sílẹ̀ pátápátá. Òjò ń gbá a lójú, atẹ́gùn gba ìborí rẹ̀ lọ, ó sì gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó mọ̀ pé òun ni.

Ó pa ẹnu dé. Ìlú ń lọ sómi, ọ̀nà tó ń gùn yìí ló pa ọmọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín! Ojú tì í bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tí kò yẹ kó wà. Ìtìjú náà ló gbà á lọ́kàn tí kò fi rántí Etí tó wà ní òpin títẹ́jú yẹn. Òpó náà pọ́n, ó ké.

“Kí nìyẹn?” ni bàbá kígbe.

“Ẹ̀bi mi ni. Ẹ di mí mú.”

Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè Àárín-Òkè, ọ̀pá igi ti wálẹ̀ dí ọ̀nà. Akínṣànyà dúró níwájú rẹ̀ nínú aṣọ òjò gígùn, ó gbé ọwọ́ sókè. Ọkùnrin gíga ni, tí irungbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Nígbà tó rí ẹni tó ń bọ̀, ọwọ́ náà rọ̀ wálẹ̀ fúnra rẹ̀.

“Ìyá Morólákẹ́. Mo rò pé ọmọ ìta kan ni.”

“Èmi ni, Bàbá Fìjàbí.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ ibi tó yẹ kí Àgbà wà. Ọwọ́ rẹ̀ pẹ́ níbẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tú u?”

“Èmi ni.”

Bàbá Omídìran tu òwú ẹnu rẹ̀ dànù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. “Akínṣànyà! Omi ti bo àmì pupa. Ọwọ́ tí yóò ṣílẹ̀kùn rèé. Ìyàwó rẹ wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlú.”

“Mo gbọ́ yín, Bàbá.” Ṣùgbọ́n ojú Ìbídàpọ̀ ló ń wò. “Ẹ sọ fún mi pé kò sí ọ̀nà mìíràn.”

“Mo ti kọ́kọ́ bá Àgbà lọ. Kò dé ìdajì ọ̀nà. Mo ti pe ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n dúró.”

Ẹ̀rọ ara ẹnubodè sọ̀rọ̀. “Ẹ̀ṣọ́, ẹ dáhùn. Ṣé Àgbà wà níbẹ̀, àbí kò sí?”

Ohùn Akínṣànyà nìkan ni ẹ̀rọ náà ń gbọ́. Bó bá sọ pé “Ó wà,” ọ̀pá á gòkè, wọn á kọjá, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀. Ìbídàpọ̀ rí i bí ẹnu ọkùnrin náà ti ń mì. Láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò tíì purọ́ fún ẹ̀rọ yẹn rí, kódà nígbà tó jẹ́ àbúrò rẹ̀ ló mú.

“Ẹ má tìtorí mi purọ́,” ni Ìbídàpọ̀ wí.

“Mi ò ní purọ́.” Akínṣànyà kọjú sí ẹ̀rọ. “Kò sí níbẹ̀.”

Irin ki bọ irin, ọ̀pá náà tì gbọn-ingbọn-in. Bàbá Omídìran ké, ó gbé ọwọ́ lé orí. Akínṣànyà wọ inú àgọ́ rẹ̀ lọ. Ó jáde pẹ̀lú àáké tí wọ́n fi ń gé igi tó bá wó sójú ọ̀nà, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀pá ìjọba. Ó gé e bí ẹni tó ní ìjà pẹ̀lú rẹ̀. Èérún ń fò. Ẹ̀rọ ń ké pé kó dúró, ó ń gé e lọ. Nígbà tó já, ó fi ẹsẹ̀ tì í kúrò lọ́nà.

“Ẹ kọjá,” ó ní, èémí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. “Bí ẹ bá padà, màá gba báàjì yín.”

“Mo mọ̀.”

Bátìrì ti ń tàn pupa nígbà tí wọ́n yọ sórí àpáta. Omi dúró gbẹ̀dẹ̀gbẹdẹ ní etí ògiri dáàmù, ó dúdú, igi àti ewé léfòó lórí rẹ̀. Akọ̀wé dáàmù sáré pàdé wọn. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Bàbá Omídìran dé ibi ilẹ̀kùn. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e.

“Ọwọ́ yìí tutù,” ni ilẹ̀kùn wí. “Ẹ tún un gbé.”

Bàbá náà búra. Ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, ó fi há abíyá. Ìbídàpọ̀ ò lè wò ó. Ó ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí ògiri náà, ó ń gbọ́ bí nǹkan kan ti ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà bàbá mí kanlẹ̀, ó yọ ọwọ́, ó tún gbé e lé e.

Ilẹ̀kùn ṣí. Gbogbo ògiri gbọ̀n rìrì, omi sì yọ lápá ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú ariwo tó bo ti àrá mọ́lẹ̀, ó ya lọ sínú àfonífojì tí kò séèyàn tó ń gbé inú rẹ̀. Ó kó oko ọ̀pẹ kan lọ, ó kó afárá àtijọ́ lọ. Kò dé Ẹsẹ̀-Àpáta. Akọ̀wé náà jókòó sílẹ̀ nínú omi, ó ń sunkún. Bàbá Omídìran na ọwọ́ gbá Ìbídàpọ̀ mọ́ra, ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀ kán sí i léjìká.

“Ọlọ́run á ṣe é fún ọ,” ó ní. “Jókòó, kí o sinmi.”

Kò jókòó. Nígbà tí omi ti sọ̀ kúrò lójú àmì pupa, ó ní òun fẹ́ lọ. Kò gun alùpùpù náà sọ̀ kalẹ̀. Akọ̀wé ní òkè ni wọ́n ń sọ̀, kò nílò bátìrì, ẹ̀rọ á kàn máa yí lọ. Ìbídàpọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ alùpùpù mú, ó ń bá a rìn lọ. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ló ń bà á.

Òjò ti ń dá nígbà tó dé ẹnubodè. Àwọn tó ní alùpùpù nílùú ti fọwọ́ ti tiwọn gòkè wá, wọ́n kún ibẹ̀. Bí wọ́n ti rí i, wọ́n figbe ta. Ọkùnrin kan tó máa ń kó ẹja gbígbẹ kiri jáde síwájú, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́! A ti gbọ́ bí ẹ ṣe gùn ún. Ẹ bá wa tú tiwa náà. Bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, tí ẹ ò sì sí nílé ńkọ́?”

Àwọn yòókù ní òótọ́ ni. Àwọn kan ti mú sípánà lọ́wọ́. Ìbídàpọ̀ wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ò lè ju ọjọ́ orí Morólákẹ́ lọ ká ní ó wà láàyè.

“Ìbéèrè yín dára,” ó ní nígbẹ̀yìn. “Òfin tí a ṣe ò ronú kan irú ọjọ́ òní, bẹ́ẹ̀ èmi wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Ẹ lọ sí olú-ìlú. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà wọn títí wọ́n á fi jẹ́ kí alùpùpù kan tí kò ní Àgbà máa wà nípamọ́ fún ọjọ́ ewu. Èmi á bá yín jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ da sípánà yẹn sápò.”

Ó tú báàjì idẹ tó wà láyà rẹ̀, ó nà án sí Akínṣànyà lójú gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ ló kígbe pé kó má gbà á, pé ìlú á bẹ ìjọba. Akínṣànyà gbà á. Ó gba sípánà tó wà lápò rẹ̀. Ó gba alùpùpù lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́. Ó ṣe é pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń gba ẹrù lórí àgbàlagbà.

“Èmi náà máa fẹjọ́ ara mi sùn,” ó ní. “Ọ̀pá ìjọba ni mo gé.”

Àwọn èèyàn náà dúró díẹ̀, wọ́n ń kùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní méjì méjì, pẹ̀lẹ́ pẹ̀lẹ́ bí Àgbà ti jẹ́ kí wọ́n lè ṣe é. Ìbídàpọ̀ ń mú ọ̀nà ẹsẹ̀ pọ̀n lẹ́yìn wọn nígbà tí Akínṣànyà pè é padà.

“Ìyá Morólákẹ́.”

Ó yíjú. Ọkùnrin náà ò wo ojú rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé orí ìjókòó alùpùpù náà, níbi tí ẹni ẹ̀yìn máa ń jókòó sí.

“Nígbà tó ń sáré yẹn. Kí Etí tó ké.” Ó gbé itọ́ mì. “Báwo ló ṣe rí lára?”

Ìbídàpọ̀ lè sọ pé ẹ̀rù bà á. Ohun tó yẹ kí ìyá tó pàdánù ọmọ sọ nìyẹn, ó sì ti sọ ọ́ fún gbogbo aṣòfin olú-ìlú rí pé inú ẹ̀rù ni àwọn ọmọ náà kú sí.

“Ó dùn, Bàbá Fìjàbí,” ó ní. “Ó dùn gan-an ni. Mo rẹ́rìn-ín.”

Akínṣànyà mi orí. Ó rọra jókòó sórí òkúta tútù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ìbídàpọ̀, tí kò tíì lè jókòó láti àárọ̀, wá jókòó tì í.